Gígé Igi Nínú Ọgbà Ilé: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ìyá Ilé Mọ̀ Nípa Ẹ̀rọ Ayùn



Ọ̀rẹ́ ìdílé ni igi jẹ́. Ó ń fún wa ní ibòji, ó ń fún wa ní èso, ó sì ń dín agbára ìjì kù. Ní Alákijà, ní ìlú Festac àti ní gbogbo agbègbè Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, kò ṣòro láti rí ilé tí ó ní igi fúrúùtù lẹ́nu ọ̀nà, igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, tàbí àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Láti ìgbà tí ìjọba ti kọ́ ìlú Festac fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó wáyé ní ọdún 1977, ọ̀pọ̀ igi ni ó ti dàgbà ju òrùlé lọ.

Ṣùgbọ́n igi tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ wa ní àná lè di ewu lónìí. Ẹ̀ka rẹ̀ lè máa gbá páànù òrùlé, ó lè wọ àárín wáyà iná, tàbí kí ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ilẹ̀ agbègbè yìí rẹlẹ̀, ó sì sún mọ́ omi. Bí òjò bá ti rọ̀ púpọ̀, ilẹ̀ a máa dẹ̀, gbòǹgbò kì í sì í lè di igi mú bí ó ti yẹ. Nígbà tí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò bá ti jà lẹ́ẹ̀kan, ẹnìkan nínú ilé yóò sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí a pe àwọn agégi."

A kò kọ ẹ̀kọ́ yìí láti sọ yín di agégi. A kọ ọ́ kí ẹ lè mọ bí iṣẹ́ náà ṣe yẹ kí ó rí, kí ẹ lè tètè mọ̀ bí wọn kò bá ṣe é bí ó ti yẹ, kí ẹ sì ní ìgboyà láti sọ pé, "Ẹ dá iṣẹ́ dúró." Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ìyá ilé àti àwọn ọmọ ni ó máa ń wà nílé nígbà tí agégi bá dé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

1. IRÚ ẸRỌ WO NI ẸRỌ AYÙN?

Ẹ̀rọ ayùn ni ẹ̀rọ tí àwọn agégi fi ń gé igi, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní énjìnì. Epo bẹntiróòlù tí a po ọ́ìlì mọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Ní iwájú rẹ̀ ni irin gígùn pẹlẹbẹ kan wà, ṣéènì sì yí irin náà ká, gẹ́gẹ́ bí ṣéènì kẹ̀kẹ́, àfi pé eyín mímú wà lára tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣéènì yìí lè sáré tó 20 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ẹni tí ó fara kàn án tó kígbe, ó ti gé ẹran ara dé eegun.

Ẹ̀rọ yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín igi àti eegun. Kódà, ní nǹkan bí òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, àwọn dókítà méjì ní ilẹ̀ Scotland, John Aitken àti James Jeffray, ti ń lo ayùn kékeré oníṣéènì tí a ń fi ọwọ́ fà láti fi gé eegun ènìyàn nínú iṣẹ́ ìwòsàn, títí kan ti ìyá tí ọmọ kò lè jáde nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ayùn oníṣéènì di irinṣẹ́ àwọn agégi. Ẹ rántí èyí nígbàkigbà tí ọmọdé bá fẹ́ fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ náà.

2. ÀWỌN EWU TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

(a) Títa padà. Bí orí irin iwájú bá ṣèèṣì kan ẹ̀ka mìíràn tàbí ògiri, ẹ̀rọ lè ta padà sókè lójijì sí ojú tàbí ọrùn ẹni tí ó mú un. Agbára ènìyàn kò lè dá a dúró.

(b) Ẹ̀ka tí ó já bọ́. Ẹ̀ka tútù wúwo ju bí ojú ti rí i lọ. Ó lè fi ara kọ́ sórí ẹ̀ka mìíràn, kí ó sì já lẹ́yìn wákàtí kan tàbí ọjọ́ kejì.

(d) Wáyà iná. Ẹ̀ka tútù lè gbé iná mànàmáná wọ inú ara ẹni tí ó wà lórí igi àti ẹni tí ó di okùn mú nílẹ̀.

(e) Jíjábọ́ láti orí igi tàbí àkàbà. Ẹni tí ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rọ mú kò ní ọwọ́ kankan tí yóò fi di igi mú.

(ẹ) Ariwo àti èéfín. Ariwo ẹ̀rọ yìí ju 100 décíbẹ́ẹ̀lì lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé 85 péré ni àwọn onímọ̀ ìlera gbà pé ó yẹ kí etí òṣìṣẹ́ gbà fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Èéfín rẹ̀ kò dára fún aboyún, ọmọ ọwọ́ àti ẹni tí ó ní ikọ́ ẹ̀fúùfù.

3. KÍ A TÓ PE AGÉGI

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ǹjẹ́ ó di dandan kí a gé igi yìí lulẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń fa wàhálà. Ẹ̀ka kékeré tí ọwọ́ bá tó láti ilẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ rárá. Ayùn ọwọ́ tàbí àdá mímú ti tó.

Bí gígé lulẹ̀ bá di dandan, ẹ gba àṣẹ. Àjọ LASPARK, tí òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 dá sílẹ̀ láti máa bójú tó igi àti ọgbà ìtura, ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti gé igi ní ìpínlẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe rò pé igi tí ó wà nínú ọgbà yín kò kan ìjọba.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo òkè. Bí wáyà iná bá wà nítòsí ẹ̀ka náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun igi náà títí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tí ó ń bójú tó agbègbè yín yóò fi wá pa iná lórí wáyà náà. Pé kò sí iná ní àdúgbò kì í ṣe ẹ̀rí pé wáyà kò léwu. Wọ́n lè mú iná dé nígbàkigbà, bẹ́ẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí a so pọ̀ lọ́nà tí kò tọ́ lè dá iná padà sórí wáyà.

Nígbà tí agégi bá wá wo igi, ẹ bi í ní ìbéèrè wọ̀nyí kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó: Ta ni yóò gun igi? Ẹni mélòó ni yóò wà nílẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ ní okùn tí ẹni òkè yóò so mọ́ ara rẹ̀, àti òmíràn tí ẹ ó fi sọ ẹ̀ka kalẹ̀? Kí ni ẹ máa ń wọ̀ sí ẹsẹ̀, sí orí àti sí ojú?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ẹ ro ó wò pé ìyá kan ní Alákijà pe agégi kí ó wá gé ẹ̀ka máńgòrò tí ó wà lórí ilé ìdáná rẹ̀. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ.

Ìyá: Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ta ni yóò gun igi?

Agégi: Ọmọ yìí ni, mà. Ara rẹ̀ fúyẹ́.

Ìyá: Ọmọdé kò ní gun igi nílé mi, ọ̀gá. Èmi náà ní irú rẹ̀ nínú ilé.

Agégi: Ẹ má dààmú, mà. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń ṣe é.

Ìyá: Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò já bọ́.

Agégi: Bí mo bá mú àgbàlagbà mìíràn wá, owó yóò lé, mà.

Ìyá: Ẹ jẹ́ kí a jọ sọ iye tí yóò lé. Èyí tí n ó fi kún un kò lè tó owó ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí tọ̀nà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2007 kò gbà kí a fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe iṣẹ́ tí ó léwu. Ẹ sì kíyè sí ọ̀rọ̀ owó. Gbogbo wa ni a fẹ́ràn ìdúnàádúrà. Ṣùgbọ́n bí a bá já owó agégi wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kì í ṣe èrè rẹ̀ nìkan ni yóò gé kù. Yóò fi okùn sílẹ̀ nílé, yóò fi ẹnìkejì sílẹ̀, yóò sì máa kánjú kí ó lè rí iṣẹ́ mìíràn ṣe lọ́jọ́ kan náà.

4. NÍ ỌJỌ́ IṢẸ́

Iṣẹ́ ìyá ilé bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dún.

• Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sílé aládùúgbò tàbí ilé ìbátan. Wíwò láti ojú fèrèsé tí igi náà lè dé kì í ṣe ààbò.

• Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò. Ẹ ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ wọn kúrò, kí wọ́n ká aṣọ sísá, kí wọ́n sì má gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá.

• Bí wọ́n bá fẹ́ gé igi lulẹ̀, ẹnikẹ́ni tí kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó ìlọ́po méjì gíga igi náà. Igi tí ó ga ní 10 mítà, ẹ dúró ní 20 mítà. Bí ọgbà kò bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa gé igi náà láti òkè wá sílẹ̀, kí wọ́n máa fi okùn sọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kalẹ̀.

• Ẹ má ṣe gbé omi tàbí oúnjẹ lọ bá agégi nígbà tí ẹ̀rọ bá ń dún. Kò lè gbọ́ yín. Ẹ dúró sí ibi tí ojú rẹ̀ yóò ti rí yín, kí ẹ sì dúró títí yóò fi pa ẹ̀rọ.

• Bí ìjì bá ń bọ̀, tí òjò bá ń rọ̀, tàbí tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Igi kò ní sá lọ.

5. BÍ Ó ṢE YẸ KÍ AGÉGI ṢE IṢẸ́ RẸ̀

Ẹ lè dúró ní ọ̀nà jíjìn kí ẹ sì fi ojú yín wo nǹkan wọ̀nyí.

Aṣọ: Kí ó dé akoto, kí ó lo awò tí ó bo ojú àti ìdíwọ́ tí ó dí etí, kí ó wọ ìbọ̀wọ́, ṣòkòtò tí ó nípọn tí ó sì fún mọ́ ara díẹ̀, àti bàtà búùtù. Àwọn ṣòkòtò kan wà tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí, tí òwú inú wọn a máa há ṣéènì mọ́ra kí ó tó dé ẹran ara. Jíǹsì lásán kò lè ṣe èyí, ṣùgbọ́n ó sàn ju ṣòkòtò péńpé àti sílípáàsì lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ó wọ sílípáàsì tan ẹ̀rọ ayùn nínú ọgbà yín.

Títan ẹ̀rọ: Orí ilẹ̀ ni a ti ń tan án, pẹ̀lú bíréèkì rẹ̀ ní títì. Kò tọ́ kí a gbé e sókè lọ́wọ́ kan kí a sì máa fi ọwọ́ kejì fa okùn rẹ̀.

Dídì í mú: Ọwọ́ méjì ni a fi ń lò ó nígbà gbogbo, ọwọ́ òsì níwájú, ọwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn. Kí ó má ṣe gbé e kọjá èjìká, kí ó má ṣe lò ó lórí àkàbà, kí ó má sì fi orí irin gé nǹkan.

Gígé igi lulẹ̀: Kò tọ́ kí agégi gé igi lápá kan já sí apá kejì lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò kọ́kọ́ ya ẹnu sí apá tí ó fẹ́ kí igi wó sí, tí jíjìn rẹ̀ yóò tó ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́rin ìdí igi náà. Lẹ́yìn náà ni yóò gé e láti ẹ̀yìn, sókè díẹ̀ sí ẹnu náà, tí yóò sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ láàárín méjèèjì láìgé e. Èyí tí ó fi sílẹ̀ ni yóò darí igi bí ó ti ń wó, gẹ́gẹ́ bí irin tí ó gbé ilẹ̀kùn mọ́ra ti ń darí ilẹ̀kùn. Kí ó tó gé e rárá, kí ó ti ro ọ̀nà tí yóò gbà sá sẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́, kí ọ̀nà náà sì mọ́.

6. Ọ̀RỌ̀ EPO BẸNTIRÓÒLÙ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí agégi bu epo sínú ẹ̀rọ tí ó ṣì gbóná, tàbí nítòsí iná ìdáná yín. Kí ó gbé ẹ̀rọ náà jìnnà tó mítà mẹ́ta sí ibi tí ó ti bu epo kí ó tó tan án.

Ọ̀pọ̀ agégi ni ó ń gbé epo tí wọ́n ti po kiri nínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Èyí léwu púpọ̀, nítorí ọmọdé tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ ìyàtọ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé ike náà sókè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò tó. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má ṣe mú kí ó bì, ẹ má sì fún un ní epo pupa tàbí wàrà. Bí ó bá bì, epo náà lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, níbi tí yóò ti ṣe é ní ìpalára jù. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ike náà dání.

7. BÍ ÌJÀǸBÁ BÁ ṢẸLẸ̀

Ẹ pa ẹ̀rọ. Ẹ pe 767 tàbí 112, tí í ṣe nọ́ńbà pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Èkó. Kò gba owó. Ẹ sọ orúkọ òpópónà yín àti ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ tí ó sún mọ́ ọn. Kí ẹnìkan dúró sí ẹnu ọ̀nà láti darí àwọn tí ń bọ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú: Ẹ dùbúlẹ̀ ẹni náà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ gírígírí, ẹ má sì ṣe gbé ọwọ́ kúrò láti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin aṣọ náà, ẹ fi òmíràn lé e lórí. Bí ó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ ni, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá, ẹ mú ọ̀já tí ẹ fi ń pọn ọmọ, ẹ so ó sókè ọgbẹ́ náà ní nǹkan bí ìbú ìka mẹ́rin, sí ìhà ọ̀dọ̀ ara, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí oríkèé. Ẹ ki igi kékeré tí ó le bọ inú ìdè náà, ẹ lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, ẹ so igi náà mọ́lẹ̀, kí ẹ sì kọ àkókò tí ẹ so ó sílẹ̀. Yóò dun ẹni náà gan-an. Ẹ má ṣe tú u. Dókítà ni yóò tú u.

Ẹ má ṣe da kẹrosín-ìn, epo bẹntiróòlù, iyanrìn, gààrí tàbí àgbo sí ojú ọgbẹ́.

Bí ìka bá gé kúrò: Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ó tutù díẹ̀ wé e, ẹ fi sínú ọ̀rá, ẹ di ọ̀rá náà, kí ẹ wá gbé e sínú ọ̀rá mìíràn tí yìnyín àti omi wà nínú rẹ̀. Yìnyín kò gbọdọ̀ kan ìka náà fúnra rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá já bọ́ láti òkè: Ẹ má ṣe fà á dìde, ẹ má sì fún un ní omi mu. Ẹ di orí rẹ̀ mú kí ó má yí, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé, àfi bí ewu mìíràn bá wà níbẹ̀.

Bí wáyà iná bá já: Kí gbogbo ènìyàn jìnnà sí i tó 10 mítà, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹni ni ó wà níbẹ̀, títí wọn yóò fi pa iná.

Ẹ má ṣe bẹ̀rù pé kò sí owó lọ́wọ́. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 kò gbà kí ilé ìwòsàn kankan kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni.

8. ABẸ́RẸ́ TẸ́TÁNỌ́Ọ̀SÌ

Ọgbẹ́ tí ó ní ìdọ̀tí igi àti erùpẹ̀ lè mú tẹ́tánọ́ọ̀sì wá, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní àrùn ipá. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ lọ sí kílíníìkì aboyún ti gba abẹ́rẹ́ tí ó ń dènà rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá lẹ́yìn ìbí. Ṣùgbọ́n bàbá ilé àti ọmọkùnrin tí ó ti dàgbà ńkọ́? Àwọn kì í lọ sí kílíníìkì aboyún, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rántí ìgbà tí wọ́n gbà á kẹ́yìn. Àwọn yìí gan-an ni wọ́n ń fi ọwọ́ kan àdá àti ayùn. Ẹ rán wọn lọ sí ilé ìtọ́jú ìlera tí ó sún mọ́ yín kí ọgbẹ́ tó dé. Bí ọgbẹ́ bá ti dé, kí wọ́n lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

9. LẸ́YÌN IṢẸ́

Ẹ wo òkè kí àwọn ọmọ tó padà wọ ọgbà. Ẹ̀ka tí ó bá kọ́ lókè, kí agégi sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó gba owó tí ó kù. Ẹ má ṣe da ẹ̀ka àti ewé sínú gọ́tà. Bí gọ́tà bá dí, omi òjò yóò wọ ilé, ẹ̀fọn yóò pọ̀, ìgbẹ́ gbuuru yóò sì tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá gé igi kan, ẹ gbin òmíràn sí ibi tí ó jìnnà sí òrùlé àti wáyà. Láti ọdún 2008 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fi ọjọ́ 14 oṣù Keje ṣe ọjọ́ igi gbíngbín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀGBÉYẸ̀WÒ

1. Báwo ni ó ṣe yẹ kí a jìnnà tó sí igi tí ó ga ní 8 mítà tí wọ́n fẹ́ gé lulẹ̀?
2. Èéṣe tí àìsí iná ní àdúgbò kò fi jẹ́ ẹ̀rí pé wáyà kò léwu?
3. Kí ni ẹ ó ṣe bí ẹ̀jẹ̀ ọgbẹ́ ẹsẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn tí ẹ ti fi aṣọ tẹ̀ ẹ́?
4. Ta ni nínú ilé yín tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ará ilé. Agégi mọ iṣẹ́ rẹ̀, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ ni ilé, ẹ̀yin ni ẹ sì ni àwọn ọmọ. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ sí ohun tí ẹ rí, ẹ sọ̀rọ̀ kí ẹ̀rọ tó dún. Ìṣọ́ra ni òògùn ìjàǹbá.